Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ǹjẹ́ Ọmọ Ìlú Tó Gbọ́ Èdè Púpọ̀ Ń Fún Orílẹ̀-Èdè Lágbára?

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ èdè lóṣù yìí ju ohun tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Àwọn tí ìbéèrè wọn jọra, a pa wọ́n pọ̀. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bá mi jiyàn pé orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ bá ti ju ẹyọ kan lọ, ìjà ni yóò já sí. Ó ní bí gbogbo ènìyàn bá ń sọ èdè kan ṣoṣo, ìṣọ̀kan dé nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ìtàn kò ti ọ̀rẹ́ yín lẹ́yìn. Ní Rwanda, Kinyarwanda ló wà lẹ́nu gbogbo ọmọ ìlú, àfi àwọn díẹ̀. Àtẹni tó pànìyàn àtẹni tí wọ́n pa nínú ìpakúpa ọdún 1994, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Ní Somalia, èdè Somali ló gba ibẹ̀ kan, síbẹ̀ ìjọba wọn wó lọ́dún 1991, ogun abẹ́lé sì gbalẹ̀. Ẹ wá wo Switzerland tó ní èdè orílẹ̀-èdè mẹ́rin: Jámánì, Faransé, Italian àti Romansh. Àwọn tó ń sọ Romansh kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1938 àwọn ará ìlú dìbò pé kí èdè wọn di ọ̀kan nínú èdè orílẹ̀-èdè.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ yín kò ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ìjà èdè wà lóòótọ́, ohun tó ń fà á ló yẹ ká wò. Lọ́dún 1948 àwọn aláṣẹ Pakistan kéde pé Urdu nìkan ni yóò jẹ́ èdè ìjọba, nígbà tó jẹ́ pé Bengali ni èyí tó ju ìdajì àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà lọ ń sọ. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìkéde yẹn jẹ́ létí ọ̀dọ́ kan ní Dhaka, ní apá ìlà-oòrùn Pakistan tí wọ́n ti ń sọ Bengali: ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, fọ́ọ̀mù, ìwé ilé ẹjọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò wà ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ nílé bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1952, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn kan sì kú. Ìwé òfin ọdún 1956 gba Bengali wọlé, ṣùgbọ́n ọkàn ti kúrò lára ọkàn. Lọ́dún 1971, lẹ́yìn ogun, apá ìlà-oòrùn náà di Bangladesh. Ọjọ́ ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni UNESCO mú lọ́dún 1999 fún Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pípọ̀ èdè ló dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n fi èdè kan ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì fún apá kan ní kọ́kọ́rọ́ náà. Sri Lanka ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1956 nígbà tí òfin sọ Sinhala, èdè àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀, di èdè ìjọba kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ti ìran Tamil, tí wọ́n ní èdè tiwọn, ló pàdánù iṣẹ́ wọn, ogun tó wá bẹ́ lọ́dún 1983 kò sì parí títí di 2009.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń fò. Orílẹ̀-èdè tó ní èdè púpọ̀ yàtọ̀ sí orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ èdè púpọ̀. Èdè mẹ́rin lè wà nílùú kí olúkúlùkù má gbọ́ ju tirẹ̀ lọ. Ó kàn dà bí ilé mẹ́rin tí kò ní ọ̀nà láàrin ara wọn. Ní Belgium, ìyapa àwọn elédè Dutch àti elédè Faransé le débi pé lọ́dún 1968 wọ́n pín yunifásítì Leuven sí méjì. Ìwé inú ilé ìkàwé pàápàá, wọ́n fi nọ́ńbà pín in: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì lọ sápá kan, èyí tí kò ṣeé pín lọ sápá kejì. Agbára tí ẹ ń béèrè wà lọ́wọ́ àwọn tó lè rìn láti ilé kan dé èkejì.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni orílẹ̀-èdè ń jẹ lórí rẹ̀ gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti àṣà fún wa, ohun tó ṣeé fọwọ́ bà la fẹ́ gbọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òwò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní ELAN, jáde lọ́dún 2006. Wọ́n bi ilé iṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́dé bíi 2,000 léèrè ní orílẹ̀-èdè 29. Mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé iṣẹ́ ti bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè oníbàárà. Bó ṣe ń bọ́ kò ní ariwo nínú. Oníbàárà kọ̀wé béèrè iye ọjà, ìwé náà wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta torí kò sẹ́ni tó lè kà á. Ó pè lórí fóònù, ẹni tó gbé e ń ṣe kántankàntan. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti dá a lóhùn ní èdè rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Lórí Switzerland, François Grin, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gbájú mọ́ èdè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé gbígbọ́ èdè púpọ̀ ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún owó tí orílẹ̀-èdè náà ń pa wọlé. Ìfojúbù ni o, kì í ṣe owó tí ẹnì kan kà lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n iye kékeré kọ́.

Ti ààbò ńkọ́? Lọ́dún 1942 àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gba ọkùnrin 29 láti ìran Navajo, ọ̀kan nínú àwọn ìran onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè fi èdè wọn ṣe àdììtú. Wọ́n ní “ìjàpá” fún ọkọ̀ ogun onírin, wọ́n ní “ẹja onírin” fún ọkọ̀ abẹ́ omi, wọ́n sì ń rán iṣẹ́ lórí rédíò tí àwọn ọmọ ogun Japan ń gbọ́ tí kò yé wọn títí ogun fi parí. Àṣírí náà kò tú síta àfi lọ́dún 1968. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ìjọba kan náà ló ti ń fìyà jẹ àwọn ọmọ Navajo nílé ìwé bí wọ́n bá sọ èdè wọn. Bí ìyà yẹn bá ti ṣiṣẹ́ tán pátápátá ni, ta ni wọn ìbá rí gbà lọ́dún 1942?

Èyí tó kàn wá jù lọ ni ti ilé ìwòsàn. Lọ́dún 1980, ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n gbé ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́dún 18 kan tó ti dákú dé yàrá pàjáwìrì. Àwọn ẹbí rẹ̀, elédè Spanish láti Cuba, sọ pé ó “intoxicado”. Lẹ́nu wọn, ẹni tó jẹ tàbí mu ohun tí kò bá a lára mu ni. Ó jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ẹni tí oògùn tàbí ọtí ń pa, òun náà sì ni àwọn dókítà gbọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó lo oògùn olóró ní àlòjù, ó sì tó ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ọpọlọ rẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Owó ìtanràn tí wọ́n fẹnu kò sí lè tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 71 dọ́là. Kò sí ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ dókítà rò pé òun ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi tún un béèrè. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí àgbàlagbà tó gbọ́ èdè tuntun débi tó lè fi ṣiṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní iye wákàtí tí wọ́n ti ń lò láti ọdún pípẹ́. Fún elédè Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ gbọ́ Spanish tàbí Faransé débi iṣẹ́, nǹkan bíi wákàtí 600 sí 750 nínú kíláàsì ni. Swahili gba nǹkan bí 900. Lárúbáwá, Mandarin, Japanese àti Korean gba 2,200. Bí èdè bá ṣe jìnnà sí tẹni tó ni ó ṣe ń pẹ́.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ́ èdè lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kankan yóò rí wákàtí 182 lọ́dún. Wákàtí 600 á gbà á ju ọdún mẹ́ta lọ, 2,200 á gbà á ọdún méjìlá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró lágbedeméjì: wọ́n rò pé oṣù mẹ́fà ni. Ẹni tó bá ń tún èdè bẹ̀rẹ̀ láti orí “ẹ káàárọ̀” lọ́dọọdún kì í dé ibì kankan. Ó sàn kí ó dín in kù sí ogún ìṣẹ́jú tí kò ní yẹ̀, kó sì wá ẹni tí yóò máa bá a sọ ọ́.

Ìṣirò yìí kan náà ló fi ohun tí àwọn ìjọba máa ń fi ṣòfò hàn. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ Lárúbáwá nílé ti mú ohun tó tó wákàtí 2,200 wá sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kíkà àti kíkọ ló kù. Bí ilé ìwé bá dójú ti èdè náà títí ọmọ fi gbàgbé rẹ̀, tí ìjọba wá sanwó kí òṣìṣẹ́ mìíràn lè kọ́ èdè kan náà látìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ sọ fún wa, èrè wo ló wà níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní kíláàsì àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èdè tí a fi ń kọ́ wọn kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé. Àwọn òbí ń bi mí bóyá kí wọ́n pa èdè ilé tì kí ọmọ lè tètè gbọ́ ti ilé ìwé. Kí ni kí n sọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má dán an wò. Ọmọ tó kọ́kọ́ mọ ìwé kà ní èdè tó gbọ́ dáadáa kò tún ní í kọ́ ìwé kíkà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti mọ̀ pé àmì dúró fún ìró, ó ti mọ̀ pé gbólóhùn lórí bébà lè yé òun. Ọ̀rọ̀ tuntun ló kù kó kó jọ. Èyí tí a gbé ìwé kíkà àti èdè àjèjì kà lórí pọ̀, ẹrù méjì ló rù, nígbà tó bá sì ṣubú, a ò ní í mọ èyí tó wúwo jù.

Bí agbára bá wà lọ́wọ́ ilé ìwé yín, ẹ kọ́ ìwé kíkà ní èdè ilé fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí èdè kejì máa wọlé lẹ́nu nìkan lákòókò yẹn, nípa orin, eré àti àṣẹ inú kíláàsì. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ń ka ojú ìwé kan tó sì lè sọ ohun tó kà, ẹ mú kíkà èdè kejì wọlé. Ẹ má sì já èdè ilé lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n á kọ́ ọmọ ní èdè abínibí dé kíláàsì kẹta, wọ́n á sì yí gbogbo ẹ̀kọ́ padà lójijì ní kíláàsì kẹrin. Ibòmíràn, ìwé kò sí rárá, tàbí kí wọ́n rán olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè àdúgbò lọ síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ti já gaara. Jim Cummins, onímọ̀ kan ní Canada, ti fi hàn pé èdè ìtàkúrọ̀sọ máa ń gba ọmọ tó nǹkan bí ọdún méjì, ṣùgbọ́n èdè ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ìdí, tí wọ́n fi ń fi nǹkan wéra, lè gbà á tó ọdún márùn-ún sí méje. Ẹ dán an wò nínú ìṣirò. Ọmọ tó mọ̀ pé 12 yọ 5 ku 7, ẹ bi í ní èdè kejì pé iye wo ni 12 fi ju 5 lọ. Ọ̀pọ̀ ni yóò gbọ́ “jù”, wọn yóò ro méjèèjì pọ̀, wọn yóò kọ 17. Olùkọ́ á ní kò mọ ìṣirò. Ó mọ̀ ọ́n, gbólóhùn ló dè é mọ́lẹ̀. Ẹ bi í ní èdè ilé rẹ̀ kí ẹ tó fi àmì òdo sí i.

Luxembourg jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa níhìn-ín. Luxembourgish ni wọ́n ń sọ lẹ́nu, ní Jámánì ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé kíkà torí méjèèjì sún mọ́ra, Faransé sì tẹ̀ lé e. Ètò yìí bá àwọn tó ń sọ Luxembourgish nílé mu. Àwọn ọmọ aṣíkiri tó ń sọ Portuguese, tí Faransé sún mọ́ tiwọn, ló ń jìyà rẹ̀. Lọ́dún 2022 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò láwọn ilé ìwé kan pé kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi Faransé bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Èdè tó sún mọ́ ti ilé ni kí ẹ máa wá.

Bí ọmọ bá ń da èdè méjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Orí rẹ̀ kò dàrú, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ló mú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé èdè méjì ń mú ọpọlọ jí pépé, tí kì í jẹ́ kí arúgbó tètè gbàgbé nǹkan?

ÌDÁHÙN: Ellen Bialystok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto kọ lọ́dún 2007 pé láàrin àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò, àmì àìsàn ìgbàgbé pẹ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin kó tó hàn lára elédè méjì. Àwọn ìwádìí mìíràn wá a, wọn kò rí i. Èdè ní èrè tó dájú ju èyí lọ, ẹ má gbé ẹjọ́ yín lé e.

ÌBÉÈRÈ: Bí ìjọba bá ní kí òun máa fi gbogbo èdè sọ̀rọ̀, owó ìlú kò ní í tán síbẹ̀? Ṣé kì í ṣe èdè àjùmọ̀lò kan ló yẹ kí gbogbo wa gbà?

ÌDÁHÙN: Èdè àjùmọ̀lò yẹ kó wà. Bí wọ́n ṣe ń yàn án ló ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1928 àwọn ọ̀dọ́ Indonesia búra pé àwọn yóò gbé èdè ìṣọ̀kan kan ró. Javanese ni èdè tó ní ènìyàn jù lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mú un. Malay ni wọ́n mú, èdè àwọn oníṣòwò etíkun, tí kì í ṣe ti ìran tó pọ̀ jù lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n fi òun sábẹ́ ẹlòmíràn. Èdè abínibí tó lé ní 700 ṣì wà lórí ilẹ̀ yẹn lónìí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbọ́ra wọn yé.

Ṣùgbọ́n èdè àjùmọ̀lò lè di èyí tó ń jẹ àwọn yòókù. Singapore fi dandan kọ́ ọmọ ní èdè méjì, Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wọn jọ ń lò àti èdè ìran rẹ̀, ó sì jèrè rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀ nínú ìkànìyàn ọdún 2020, ìdá 48.3 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń sọ jù nílé. Lọ́dún 2010, 32.3 ni. Èdè tí kò bá sí nínú ilé mọ́, ilé ìwé nìkan kò lè gbé e dúró.

Ní ti owó, kò sí ìjọba tó ní láti tú gbogbo nǹkan sí gbogbo èdè níbi gbogbo. Finland lo ìwọ̀n: ìjọba ìbílẹ̀ di elédè méjì bí àwọn elédè kékeré, ìbáà ṣe Finnish tàbí Swedish, bá tó 3,000 tàbí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ibẹ̀. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò, wọn kì í sì gba ẹ̀tọ́ náà padà àfi bí wọ́n bá wá sílẹ̀ ju 3,000 àti ìdá mẹ́fà lọ. Olúkúlùkù ti mọ ibi tí ààlà wà, kò sí ìdí láti máa jà ní gbogbo ìgbà ìdìbò.

Ìkìlọ̀ àjálù, ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí ènìyàn lọ́rùn nílé ẹjọ́, àti ìwé ìdìbò ló yẹ kó ṣíwájú. Ìròyìn ayẹyẹ ìjọba lè dúró. Kí ìkìlọ̀ tó jáde, ẹ fún ẹlòmíràn tí kò rí ojúlówó rẹ̀ kó tú u padà sí èdè àkọ́kọ́. Bí “ẹ sè omi kí ẹ tó mu ún” bá padà dé ní “ẹ mu omi gbígbóná”, ẹ ti mọ ibi tó ti já.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ èdè mẹ́ta, mo sì fẹ́ fi ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ bí ògbufọ̀. Ṣé mo lè kàn bẹ̀rẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Gbígbọ́ èdè kọ́ ni iṣẹ́ ògbufọ̀, ẹ ó ní láti kọ́ ọ.

Ẹ dán ara yín wò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gbọ́ ìròyìn ìlera ìṣẹ́jú márùn-ún ní èdè kan, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ bí ẹ ti ń sọ ọ́ ní èkejì, kí ẹ sì fi wéra. Ohun tó máa ń bọ́ ni nọ́ńbà, orúkọ oògùn, àti “kì í” tàbí “má ṣe”. Nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjì péré lẹ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lo méjì yẹn. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀yà ara, ìrora àti oògùn sínú ìwé kan ní èdè méjèèjì, tó bí 200 kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ kìíní.

Níwájú dókítà, bí aláìsàn bá ní “inú ń run mí”, “inú ń run mí” ni kí ẹ sọ, kì í ṣe “ó ní inú ń run òun”. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò, ẹ má sì fún un nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìtumọ̀ méjì, irú “intoxicado” yẹn, ẹ dá dókítà dúró kí ẹ bi aláìsàn ohun tó ní lọ́kàn. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ fún òbí rẹ̀. Ọmọ á fi ohun tó bà á lẹ́rù pa mọ́.

Ẹ má ṣiṣẹ́ rékọjá agbára. Ní Nuremberg lọ́dún 1945, níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀ ní èdè mẹ́rin, iná àwọ̀ ìyeyè ló ń sọ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pé kó rọra, iná pupa ń dá a dúró. Lónìí, àwọn ògbufọ̀ inú ìpàdé máa ń gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàrin ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí lẹ́yìn ìyẹn àṣìṣe á máa yọjú láìjẹ́ pé ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀. Bí ẹ bá dá wà, ẹ béèrè ìsinmi. Bébà tí ẹ kọ nǹkan aláìsàn sí, ẹ ya á sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó kúrò nínú yàrá.